Refresh Kì í Ṣe Oògùn Láptọ́ọ̀pù Tó Ń Wọ́

Bí èèyàn bá gbé láptọ́ọ̀pù tó ń wọ́ lọ sí Pánsẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta, kò ní í pẹ́ tó fi máa rí ẹnjiníà tó máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣọ́ọ̀bù fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe pọ̀ ní Òkè-Ìléwó àti Sàpọ́n. Iṣẹ́ náà kì í gba àkókò. Ẹnjiníà á kọ́kọ́ tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì, á yan Refresh, á tún yàn án, á tún yàn án. Á tẹ Windows àti R pọ̀, á kọ %temp%, á pa gbogbo ohun tó bá níbẹ̀ rẹ́. Ó kan fódà prefetch, òun náà á lọ. Lẹ́yìn náà ni á ki fláàṣì rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, tí sọfúwíà kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣìṣe: igba, ọ̀ọ́dúnrún, irinwó. Á tẹ "Fix All". Ní ìparí, á ní kí ẹ̀rọ náà tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wò ó báyìí, mà. Ṣé ẹ rí i pé ó ti yá?"

Ó sì máa ń yá lóòótọ́, ó kéré tán títí oníbàárà á fi délé. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, nínú gbogbo ohun tí ẹnjiníà ṣe yẹn, èwo gan-an ló mú un yá? Àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ èyí tó ṣe kẹ́yìn, ìyẹn Restart, ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lórí ìjókòó ilé rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé alaalẹ́ làwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà Windows 8, tó jáde ní 2012, Microsoft ti yí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ padà nígbà tí èèyàn bá tẹ Shut down. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní Fast startup, títàn ni wọ́n sì sábà máa ń fi í sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bó bá wà ní títàn, Windows á ti àwọn iṣẹ́ tí èèyàn ṣí pa, ṣùgbọ́n á kọ ipò tí inú lọ́hùn-ún rẹ̀ wà sórí dísìkì kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. Ohun tó bá ti dojú rú nínú rẹ̀ lánàá á bá a jí. Restart ló ń pa gbogbo rẹ̀ pátápátá, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní FUNAAB, yunifásítì kan ní Abẹ́òkúta, lè máa tẹ Shut down lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kí Windows rẹ̀ má tíì sinmi lẹ́ẹ̀kan.

Refresh ńkọ́? Kò ṣe ju pé ó ń ní kí Windows tún àwọn áíkọ̀nù tó wà lójú ẹ̀rọ yà. Bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó fáìlì sínú fódà tí kò sì tíì hàn, Refresh á mú un hàn. Kò kan RAM, kò kan prósẹ́sọ̀, kò sì lé fáírọ́ọ̀sì kankan lọ. Síbẹ̀ àṣà náà ti wọ̀ wá lára débi pé àwọn kan kì í lè ṣí Word láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, bí kò bá ti jẹ́ pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà lé e lórí.

Ọgbọ́n wọ̀nyí ò ṣàdédé wáyé, ṣá o. Ìgbà kan wà tí ẹni tó mọ inú kọ̀ǹpútà dáadáa lè fi ọwọ́ mú un yá. Mẹ́gábáìtì 4 péré ni RAM tó kéré jù tí Microsoft sọ pé Windows 95 nílò. Tó bá di Windows XP ní 2001, 64 ni. Windows 11 tòní ń béèrè gígábáìtì 4, ìyẹn ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan ohun tí Windows 95 béèrè. Nígbà tí gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ní ò ju báyẹn lọ, ètò kékeré kan tí wọ́n bá pa, àwòrán ẹ̀yìn kan tí wọ́n bá yọ, èèyàn á rí ìyàtọ̀ rẹ̀ kedere. Ọ̀gá kọ́ ọmọṣẹ́, ọmọṣẹ́ náà di ọ̀gá, ó kọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ló yí padà lẹ́yìn wọn.

Àwọn àgbà tó lo kọ̀ǹpútà láyé ìjọhun á rántí bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ Turbo sí lára. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á rò pé òun ń fún ẹ̀rọ ní agbára ni. Dídín eré rẹ̀ kù ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, nítorí pé àwọn géèmù àtijọ́ máa ń sáré kọjá ohun tí ojú lè tẹ̀ lé lórí ẹ̀rọ tuntun. Láti ìgbà yẹn lọ́hùn-ún ni bọ́tìnnì eré ti ń tan àwọn èèyàn jẹ.

Ìtànjẹ tó ga jù nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1995. RAM wọ́n bí ojú lásìkò náà, nǹkan bí $30 ni mẹ́gábáìtì kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Syncronys wá gbé sọfúwíà kan jáde, SoftRAM95, wọ́n ní á sọ RAM èèyàn di ìlọ́po méjì láìra RAM. Ó tà wàràwàrà, iye tí wọ́n tà lé ní 600,000. Nígbà tí àwọn tó mọ inú Windows, tí Mark Russinovich wà lára wọn, tú u palẹ̀, wọ́n rí i pé kò fi kún RAM ẹnikẹ́ni rárá. Nọ́ńbà tó ń hàn lójú ẹ̀rọ nìkan ló ń pọ̀ sí i. FTC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, dá sí ọ̀rọ̀ náà ní 1996. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àwọn kan lára àwọn tó rà á ń jẹ́rìí pé ẹ̀rọ àwọn ti yá. Ẹni tó ti sanwó máa ń fẹ́ rí i pé owó òun ò gbé.

Àwọn sọfúwíà tó ń "fọ RAM" lónìí, àti ti orí fóònù pàápàá, ọmọ ìyá SoftRAM ni wọ́n. Kí ọ̀rọ̀ wọn tó yé èèyàn, kó fojú inú wo ìyá oníàdìrẹ ní Ìtòkú. Aṣọ tó pàtẹ síwájú lọ́wọ́ rẹ̀ ń tètè tó, ìyókù wà nínú sítọ́ọ̀ lẹ́yìn. RAM ni àtẹ yẹn, dísìkì ni sítọ́ọ̀. Kò sí ìyá oníàdìrẹ tó máa fi àtẹ sílẹ̀ lófìfo kó wá máa yangàn pé àyè pọ̀ níwájú òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Windows ṣe ń ṣe: bí àyè bá wà nínú RAM, á kó ohun tó rò pé wọn ò ní pẹ́ béèrè síbẹ̀, bí iṣẹ́ mìíràn bá sì nílò àyè náà, á yọ̀ǹda rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Sọfúwíà tó ń fọ RAM á wá kó gbogbo aṣọ orí àtẹ padà sí sítọ́ọ̀. Ojú ẹ̀rọ á fi hàn pé RAM tó ṣófo ti pọ̀. Kò ní í tó ìṣẹ́jú kan tí Chrome á tún béèrè ohun tí wọ́n kó lọ, ẹ̀rọ á sì tún padà lọ gbé e níbi tó lọ́ra jù. Microsoft fúnra rẹ̀ ò sì ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé PC Manager tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ náà ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n pè ní Boost. Ọjà ni ọjà ń jẹ́.

Ti prefetch tún burú díẹ̀ sí i. Windows XP ló mú un wá. Windows á máa ṣe àkọsílẹ̀ àwọn fáìlì tí ètò kọ̀ọ̀kan ń lò nígbà tó bá ń ṣí, kó lè tètè kó wọn jọ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá pa fódà yẹn rẹ́ ti sọ àkọsílẹ̀ tó ń mú nǹkan yá nù, tí Word á fi lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tún ṣí i. Kò sí ohun tí èèyàn ń gbá níbẹ̀, Windows ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀. %temp%, fódà tí àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀ ń wà, ní tirẹ̀ ń dá àyè padà lóòótọ́, ìyẹn sì wúlò bí dísìkì bá ti fẹ́ẹ̀ kún. Bí kò bá kún, kò mú nǹkan yá.

Àwọn kan á tún wọnú msconfig, wọ́n á máàkì ibi tí wọ́n kọ iye prósẹ́sọ̀ sí, wọ́n á ní àwọn ti tú gbogbo agbára ẹ̀rọ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni Windows ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ wà fún àwọn tó fẹ́ fi díẹ̀ dán nǹkan wò, nítorí náà ohun kan ṣoṣo tí máàkì yẹn lè ṣe ni kó dín agbára kù.

Registry ló kù, òun sì ni àwọn sọfúwíà tó ń ka àṣìṣe irinwó náà ń gbé gẹ̀gẹ̀. Inú rẹ̀ ni Windows ń kọ gbogbo ètò ara rẹ̀ àti ti sọfúwíà tí wọ́n bá gbé wọlé sí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ lọ súà, àwọn tí kò wúlò mọ́ sì ń dúró síbẹ̀ láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Yíyọ irinwó kúrò nínú rẹ̀ kò lè mú kí ẹ̀rọ yá bí ojú ṣe lè rí i, ṣùgbọ́n yíyọ ẹyọ kan tí kò yẹ ní yíyọ lè mú kí Windows kọ̀ láti dìde. Microsoft ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò fọwọ́ sí sọfúwíà tó ń fọ registry, bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn ti ṣe ọ̀kan rí láyé àtijọ́, RegClean, kí wọ́n tó pa á tì. Ní 2017 àwọn ọ̀daràn wọnú CCleaner, èyí tó gbajúmọ̀ gan-an nínú irú wọn, wọ́n fi kóòdù tiwọn kún ẹ̀dà kan, ó sì dé orí kọ̀ǹpútà tó lé ní mílíọ̀nù méjì kí wọ́n tó mọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ín tún un ṣe kíákíá. Àmọ́ ẹ̀dà wo ló wà lórí fláàṣì tó ń ti ọwọ́ ẹnjiníà kan bọ́ sí òmíràn ní Pánsẹ́kẹ́?

Ẹni tó bá rò pé àwa nìkan nirú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí kó gbọ́ ti Office Depot, ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà. Fún ọdún mélòó kan títí di 2016, bí oníbàárà bá gbé kọ̀ǹpútà wá, òṣìṣẹ́ á fi sọfúwíà kan yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́rin: ṣé ẹ̀rọ náà ń lọ́ra, ṣé ó máa ń ṣàdédé kú, ṣé ìpolówó máa ń jáde lójú rẹ̀, ṣé ó ti kìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì rí. Bí ìdáhùn sí ẹyọ kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, sọfúwíà náà á sọ pé òun ti rí àmì àìsàn, ì báà jẹ́ pé kò rí nǹkan kan nígbà tó yẹ ẹ̀rọ wò. Àtúnṣe tí wọ́n ń tà fúnni lẹ́yìn ìyẹn lè tó $300. Ní 2019, Office Depot san mílíọ̀nù $25, Support.com tó ni sọfúwíà náà san mílíọ̀nù $10 láti fi yanjú ẹ̀sùn FTC.

Kí ló wá ń mú láptọ́ọ̀pù lọ́ra ní Abẹ́òkúta? Ẹ jẹ́ ká wo irú ẹ̀rọ tó wà níta. HP EliteBook àti Dell Latitude tòkunbọ̀ ló kún ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB àti ti ilé ẹ̀kọ́ MAPOLY, ọwọ́ olùkọ́, ọwọ́ oníbisinẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ọ́fíìsì òyìnbó ló ti lò wọ́n kí wọ́n tó gba Computer Village ní Ìkẹjà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rọ tó lágbára ni wọ́n. Ṣùgbọ́n háàdì dísìkì àtijọ́, èyí tó ń yí, ló ṣì wà nínú púpọ̀ àwọn tó ti pẹ́ lára wọn, ibẹ̀ sì ni wàhálà fìdí kalẹ̀ sí.

Dísìkì láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ó tó lè ka ohunkóhun, apá kékeré kan nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn lọ sí ibi tí nǹkan náà wà, kó sì dúró dìgbà tó bá yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìrìn àti ìdúró yẹn á gbà tó ìdá 17 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú èèyàn, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké tó fọ́n káàkiri ni Windows ń kà nígbà tó bá ń dìde, irú dísìkì yìí ò sì lè dá wọn lóhùn ju nǹkan bí 60 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD, irú dísìkì ìgbàlódé, ò ní ohun tó ń yí nínú. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Gbogbo ohun tí ẹnjiníà lè fi máòsì ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, kò lè dí àlàfo yìí. Ẹ̀rọ tó ń gba ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kó tó ṣeé lò, bí wọ́n bá fi SSD sí i, á máa dìde láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Prósẹ́sọ̀ kan náà ni, Windows kan náà ni.

Ẹni tó bá ti wá ní SSD kó jìnnà sí àwọn tó ń ní kó máa ṣe defrag. Dísìkì tó ń yí ni defrag wà fún, ó ń kó fáìlì tó fọ́n káàkiri jọ kí apá rẹ̀ má baà máa rìn jìnnà, Windows sì ti ń ṣe é fúnra rẹ̀ láti ìgbà Vista. Lórí SSD, kò sí apá tó ń rìn.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí àwọn ẹnjiníà máa wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan Refresh. Bí dísìkì bá ti ń kú lọ, ó máa ń lọ́ra, nítorí pé á máa gbìyànjú láti ka ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó ń pa ní gbàrà tí wọ́n bá ti mú iná lọ, wà nínú ewu yìí ju òmíràn lọ. CrystalDiskInfo, sọfúwíà ọ̀fẹ́, á fi ìlera dísìkì hàn kíákíá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ próójẹ́ẹ̀tì lọ́dún àṣekágbá, tí wọ́n wá ń bá fọ registry lórí dísìkì tó ń kú, àkókò tó yẹ kó fi kó iṣẹ́ rẹ̀ sá ni wọ́n ń fi ṣòfò.

Ṣájà náà ń dá ẹ̀rọ dúró, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Àwọn Dell tí ṣájà wọn ní ẹnu róbótó máa ń ní pín-ín-nì tín-ínrín kan láàárín. Òun ni ṣájà fi ń sọ fún láptọ́ọ̀pù irú ẹni tó jẹ́ àti iye wáàtì tó lè gbé wá. Bí pín-ín-nì yẹn bá tẹ̀ tàbí tó dá, tàbí tí ṣájà bá jẹ́ ayédèrú, ẹ̀rọ á kìlọ̀ nígbà tó bá ń dìde pé òun ò mọ ṣájà náà, bátìrì ò ní í gba iná, prósẹ́sọ̀ á sì fà sẹ́yìn gidigidi kó má baà fa agbára jù. Olóhun á tẹ bọ́tìnnì kan láti kọjá ìkìlọ̀ náà láàárọ̀, á sì gbàgbé rẹ̀. Ó lè fọ́ọ̀màtì ẹ̀rọ náà nígbà mẹ́ta, kò ní í yá. Ṣájà tòótọ́ á mú un yá lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn ni eruku. Ọyẹ́ ń kó o wọnú fáànù, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń gbé láptọ́ọ̀pù lé ń dí ihò atẹ́gùn. Bí ooru prósẹ́sọ̀ bá ti sún mọ́ 100°C, á dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Ẹnjiníà tó tú ìdí ẹ̀rọ, tó fẹ́ eruku kúrò, tó sì pààrọ̀ ọ̀dà tó wà lórí prósẹ́sọ̀, ti ṣiṣẹ́ tó tó sanwó fún.

Kì í ṣe gbogbo ètò tí wọ́n ń yí nínú Windows ló jẹ́ asán. Nínú Task Manager, ibì kan wà tí wọ́n kọ Startup sí, tó ń fi àwọn sọfúwíà tó ń bá ẹ̀rọ jí láàárọ̀ hàn. Pípa àwọn tí kò wúlò níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́, pàápàá lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 4. Yíyọ áńtífáírọ́ọ̀sì kejì kúrò ń ṣiṣẹ́, nítorí pé méjì ò lè ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan náà láìdí ara wọn lọ́wọ́. Dídín tab Chrome kù láti ogójì sí mẹ́wàá ń ṣiṣẹ́ ju gbogbo ohun tó ń fọ RAM lọ. Ẹni tó ń fi hotspot fóònù lo íntánẹ́ẹ̀tì náà lè lọ tan Metered connection: update ńláńlá ò ní í ya wọlé lójijì, dátà ò sì ní í jó. Àmọ́ yíyọ àwọn ọ̀ṣọ́ ojú ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ tu irun kan lára ẹ̀rọ òde òní.

Windows 10 ti kúrò lábẹ́ àbójútó Microsoft láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, 2025, Windows 11 kò sì gba púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tó ti pẹ́ wọ̀nyí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ta Windows tí wọ́n ti gé kúrú, tí wọ́n ní ó fúyẹ́. Ó lè fúyẹ́ lóòótọ́. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n yọ, nítorí pé ààbò àti update ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Fún ẹni tí kò lò ju íntánẹ́ẹ̀tì àti ìwé kíkọ lọ, Linux Mint, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó sì ń gba update, dára ju ìyẹn lọ.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹnjiníà Pánsẹ́kẹ́ kì í ṣe oníjìbìtì, ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ Restart fúnra yín, kí ẹ wá fi aago fóònù ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà láti ìgbà tí ojú ẹ̀rọ dúdú títí Word fi ṣí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún un kà lẹ́yìn àtúnṣe, kí ẹ sì tún un kà lọ́jọ́ kejì nílé. Bí nọ́ńbà náà ò bá yí padà, ẹ bi ẹnjiníà nípa SSD, ṣájà àti fáànù. Kí ẹ sì tó gbé ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó iṣẹ́ yín sórí fláàṣì tàbí Google Drive ná.